Àwo Tíì Bàbá Rẹ àti Àwọn Aṣọ́bodè Ọsirélíà

Shiori ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun bó ṣe yẹ, àbí ìrẹsì inú ike tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lo ṣì ń jẹ lórí ìdúró bí ẹṣin? Àwọn baba ńlá wa tó wà lórí pẹpẹ ilé á máa ṣọ́ ọ jáde, wọ́n á máa ṣọ́ ọ wọlé, àtẹ̀gùn ilé tí ò ń gbé kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń bu ìrẹsì gbígbóná síwájú wọn tí mo ń dárúkọ rẹ, mo sì máa ń rán wọn létí pé Fukuoka lo wà, torí bàbá bàbá rẹ kò débẹ̀ rí, kó má lọ máa wá ọ kiri ní Hiroshima tó mọ̀.

Tiwa náà, ẹ̀mí ń bẹ. Èso kakí ti pọ́n, mo ti bó wọn, mo ti so wọ́n rọ̀ sábẹ́ òrùlé kí wọ́n gbẹ, ọ̀bọ kò tíì rí wọn. Ìmàdò wọ oko ọ̀dùnkún Ìyá Kuwano aládùúgbò wa, ó hú gbogbo rẹ̀ pátá, ewé nìkan ló fi sílẹ̀. Ìyá Kuwano ní ó dun òun ju ikú ọkọ òun lọ, torí ọkọ òun ṣàìsàn pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n ìmàdò ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ọkọ rẹ̀ á máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó ti bébà yìí kò kéré. Ọ̀rọ̀ páálí obìnrin Ọsirélíà yẹn ni, àti ọ̀rọ̀ bàbá rẹ.

Ìwọ fúnra rẹ lo bá wa ta àwo tíì náà fún un lórí ayélujára, èyí aláwọ̀ eérú tí bàbá rẹ mọ nígbà òjò, tí iná ààrò sọ di pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ tó máa kọ́kọ́ sọdá òkun nìyẹn. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù tíì tó wà nílùú ti kógbá sílé, kò sẹ́ni tó ń wá ra àwo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé páálí náà jáde, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo bọ́ọ̀sì mi títí tó fi yí kọ́nà. Àwo lọ, àwo dé Ọsirélíà, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ sì dá a padà fún wa tòun ti ìwé aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí wọ́n gbé e dé. Kò tú u. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó ní ọbẹ̀ mísò mi dùn. Shiori, ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá ti ní ọbẹ̀ dùn ni mo máa ń mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fi aṣọ bo kẹ̀kẹ́ tó fi ń mọ àwo, ó lọ bá Sakuma tó ń ra igi ìdáná, ó ní kó wá kó gbogbo igi páìnì tó fi ń sun àwo, tó wà lẹ́yìn ààrò, lọ́jọ́ Sátidé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n ti wò ó lọ́hùn-ún, wọn ò fẹ́ ẹ. Ó ní ojú àwọn ará òkèèrè là ju tiwa lọ, pé òun náà ti ń fura sí iṣẹ́ òun tipẹ́.

Ó dùn mí dé egungun. Bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀, àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n, ìró kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà nílé. Ilé wá dákẹ́. Mo ń gé ẹ̀fọ́, mo ń gbọ́ ọ̀bẹ ara mi.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà rẹ dé, tó o fi ṣàlàyé ohun tí àwọn aṣọ́bodè kọ sí ọ lórí ayélujára. O káre tó o kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, o sì káre tó ò pè mí lórí fóònù, torí tí fóònù bá ti dún, ọkàn mi a máa fò sókè, mo kàn ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, tí n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kà á títí ó fi wọ̀ mí lára, mo lè fọwọ́ sọ̀yà wàyí pé ní gbogbo abúlé yìí, kò sẹ́ni tó mọ òfin aṣọ́bodè bí èmi ìyá rẹ. Mo ti ń kọ́ Ìyá Kuwano pàápàá. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi, kọ́kàn rẹ lè balẹ̀.

O ní koríko ìrẹsì gbígbẹ tí mo fi di àwo náà kò gbọdọ̀ wọ Ọsirélíà, torí kòkòrò lè wà nínú rẹ̀. Koríko tó jẹ́ pé òun ni bàbá bàbá rẹ fi ń di àwo lórí ẹṣin títí dé etíkun, ọ̀kan ò sì fọ́ rí! Ṣùgbọ́n mo gbà. Ìṣe ilé wa, èèwọ̀ ilé ẹlòmíì. Mo tún rò ó jinlẹ̀, mo sì rí ìdí tòótọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é: àwọn ẹran wọn tó ń fò, tí wọ́n lápò níkùn yẹn, koríko ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá lọ tọ́ koríko abúlé wa wò, ṣé wọ́n tún máa fẹnu kan tiwọn mọ́? Ọlọ́gbọ́n ni ìjọba wọn.

Kakí gbígbẹ tí mo fi sórí àwo náà, kí obìnrin yẹn lè rí nǹkan fi panu kó tó mu tíì rẹ̀, o ní òun náà kò gbọdọ̀ wọlé. A ò bá a nínú páálí mọ́. O ní ńṣe ni wọ́n sun ún níná. Ìyá Kuwano ní òun ò gbà, ta ló máa rí kakí tó dùn tóyẹn tó máa ṣáná sí i, pé wọ́n ti jẹ ẹ́. Èmi ò dá sí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ ẹ́, á ṣe wọ́n lóore.

Èyí tó le jù fún mi láti gbé mì ni ti aṣọ́bodè fúnra rẹ̀. O ní kí n má kí i mọ́, kí n má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí i. Ṣé báyìí lèèyàn ṣe máa ń gba iwájú ilé onílé kọjá ni, láìkúnlẹ̀, láìmú nǹkan dání? Nígbà tí àwọn Morita kó wá sí abúlé wa, ṣebí ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń gbé táwẹ́ẹ̀lì kiri láti fi kí wa. Èmi náà fi táwẹ́ẹ̀lì kan ránṣẹ́ sí i, mo sì kọ lẹ́tà tì í pé kó má bínú, a kàn ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀ ni. O ní ó lè dà bíi pé a fẹ́ fún un ní rìbá. Rìbá kẹ̀! Táwẹ́ẹ̀lì tí orúkọ báńkì wà lára rẹ̀ gbàgàdà, tí wọ́n pín fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún tuntun! Ó ti dáa náà, n ò kí i mọ́. Bó bá pàdé wa lọ́nà kó máa lọ.

O tún ní gbogbo nǹkan tó wà láyé ló ní nọ́mbà tí àwọn aṣọ́bodè gbogbo ìlú fi ń dá a mọ̀. Èyí yé mi kíá, ó dà bí ìwé ìdílé wa tó wà lọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Hamada, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, fi ìwé nọ́mbà náà hàn mí, mo sì rí nǹkan. Àwo amọ̀ tí à ń fi jẹ tí à ń fi mu wà ní 6912. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní 6910. Shiori! Ta ló pín àyè yẹn? Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ jókòó síwájú, àwo bàbá rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀! Mo ní kí Hamada bá wa bẹ àwọn àgbààgbà tó wà nídìí ẹ̀ kí wọ́n pààrọ̀ àyè fún wọn. Ó ní agbára òun ò gbé e. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́.

Ó wá ku èyí tó o fa ìlà pupa sí nídìí, tó o kọ lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ìyókù lọ. Lóòótọ́, èmi ni mo kọ ọ́ sí bébà tí mo fún Hamada tẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọjà ni àbí ẹ̀bùn, mo ní ẹ̀bùn ni. Obìnrin tó kọ ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ sí ọ, tó ní òun fẹ́ràn àwọ̀ àwo náà bí àwọ̀ ojú ọ̀run ìlú òun, ṣé èmi ni màá wá dójú ẹ̀ pè é ní oníbàárà? Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ohun yẹpẹrẹ kan tí kò yẹ lójú yín, bí gbogbo ọmọlúàbí ṣe ń sọ tó bá ń na nǹkan sí èèyàn. Níbi iye rẹ̀, mo kọ ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì. Hamada bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú gan-an ni.

O wá ní aṣọ́bodè wo ìsọ̀ rẹ lórí ayélujára, ó rí iye tí obìnrin náà san, ó wo ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì tèmi, ó sì rò pé ńṣe la fẹ́ sá fún owó ibodè. O ní irọ́ ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ lọ́hùn-ún. Irọ́! Èmi Fusae! Ẹni tó bá gbé nǹkan fún èèyàn tó ti yin nǹkan ọ̀hún tán, kí ló fẹ́ kí ẹni tó gbà á rí sọ mọ́? O ní aṣọ́bodè ò gbọ́ èdè ìrẹ̀lẹ̀. Ohun tí nǹkan bá jẹ́ ni kí n pè é, iye tó bá jẹ́ ni kí n dá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á tún dá a padà, àwọn tó ni ọjà ayélujára yẹn á sì ti ìsọ̀ rẹ pa.

Inú mi dùn, Shiori, má rò pé mo bínú. Mo sáré gbé lẹ́tà náà tọ bàbá rẹ lọ, mo kà á sí i létí, mo ní ṣé o rí i, koríko ni, ọgọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì ni, kì í ṣe àwo rẹ, kò sẹ́ni tó bá àwo rẹ jà! Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ọmọ wa ni Shiori, àánú wa ló ń ṣe é. Ó ní ta ló máa tìtorí koríko dá àwo tó dára padà? Ó sì jáde lọ ka igi páìnì fún Sakuma.

Ló bá di pé èmi nìkan ni mo kù. Mo tún àwo náà dì, mo fi ọ̀rá olójú afẹ́fẹ́ tó o fi ránṣẹ́ wé e. Díẹ̀ ló kù nínú ọ̀rá náà o, torí Ìyá Kuwano wá bá mi ṣeré, kí n tó yíjú padà ó ti fi ìka tẹ ìdajì rẹ̀ fọ́, ó ní ó ń mú ìrora ọwọ́ òun rọlẹ̀. Mo jókòó ti bébà láti kọ iye àwo náà, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀, ó kọ̀. Ni mo bá gbé páálí lọ báyẹn lọ́jọ́ Fráìdé, tó kù ọ̀la kí Sakuma wá.

Hamada ní kò burú, kí n máa fẹnu sọ ọ́, òun á máa tẹ̀ ẹ́. O mọ̀ pé etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, ohùn mi sì ti lọ sókè látàrí ẹ̀. Èèyàn wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. Ìyàwó olórí abúlé wà níbẹ̀. Sakuma náà wà níbẹ̀, ó wá gba àpò kan. Hamada ní kí ló wà nínú ẹ̀. Mo ní ohun yẹpẹrẹ kan ni. Hamada wò mí, ó ní Màmá, wọ́n á tún dá a padà o.

Mo rántí aṣọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ. Mo di ojú mi. Mo ní àwo tíì ni, amọ̀ ni, Tokuji ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n, títà la tà á, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún yẹ́ẹ̀nì ni, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Hamada ní ẹ̀rọ ò béèrè bóyá ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Etí mi gbóná bí ìdí ìkòkò. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ, n ò yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹlòmíì rí, òun náà kò yin ọbẹ̀ mi lójú àlejò rí, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Sakuma fọwọ́ bo ẹnu, ó ní háà, Ìyá Shiori, ẹ rọra o, ìfẹ́ ò ní pa wá! N ò wo ẹ̀yìn. Mo gba rìsíìtì mi, mo rìn jáde, kódà mo gbàgbé agbòòrùn mi síbẹ̀, Hamada ló bá mi tọ́jú ẹ̀.

N ò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ. Ní Sátidé, Sakuma gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ wọn, torí Sakuma ò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹ kú oríire o, Bàbá Shiori, ìyàwó yín ti polówó yín fún gbogbo abúlé, ó ní àwo yín tó ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bàbá rẹ ní ta ni? Sakuma ní ìyàwó yín. Bàbá rẹ ní níwájú èèyàn? Sakuma ní níwájú gbogbo wa, ìyàwó olórí abúlé wà níbẹ̀, ẹ lọ bi í.

Bàbá rẹ dúró. Ó wo igi, ó wo igi títí mo fi rò pé ó ti sùn lórí ìdúró. Ó wá tẹrí ba fún Sakuma, ó ní kó forí jì òun, òun mú un rin ìrìn òfo, igi náà ṣì tutù díẹ̀, kò tíì ṣe é tà. Igi tó ti wà níbẹ̀ tó ti gbẹ kó tó di pé o lọ sí Fukuoka! Sakuma rẹ́rìn-ín títí ó fi dé inú ọkọ̀ rẹ̀, òfìfo ló sì gbé e lọ.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, bàbá rẹ ní Ìyá Shiori, mo gbọ́ pé o ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní òfin Ọsirélíà ni, kì í ṣe èmi, wọn kì í gba ìrẹ̀lẹ̀. Ó ní hẹn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí. Shiori ọmọ mi, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo wọ kíṣínì, mo sunkún díẹ̀, mo fọ àwo.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti ń gbọ́ kẹ̀kẹ́.

Lánàá, Hamada wò ó lórí fóònù rẹ̀, ó ní páálí wa ti kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, ó ti wà lọ́nà ilé obìnrin náà. Mo bi í bóyá aṣọ́bodè sọ nǹkan kan nípa àwo náà, ó ní fóònù ò kọ ìyẹn. Kò burú. Wọ́n rí i, wọ́n jẹ́ kó kọjá, ó ti tó fún mi.

Ó wá ku ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra ọ̀rá olójú afẹ́fẹ́ sí i, kó o sì fi ti Ìyá Kuwano lé e, kó lè máa rí tirẹ̀ fọ́ lọ́tọ̀. Fi sínú lẹ́tà, má fi gba ti ẹ̀rọ báńkì, torí ẹ̀rọ yẹn máa ń kí mi kú àbọ̀, ó ń dúpẹ́, àwòrán obìnrin inú rẹ̀ ń tẹrí ba lójú gíláàsì, èmi náà ń tẹrí ba fún un, a kì í tètè túká. Bí owó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, bá mi ra aṣọ òtútù fún bàbá rẹ, èyí tí apá rẹ̀ kò gùn, kó má wọ inú amọ̀.

Ọ̀nà rẹ á là. Páálí rẹ kò ní padà sẹ́yìn mọ́. Ibodè yòówù tó o bá dé, wọ́n á ṣí i fún ọ, wàá sì dé ilé rẹ ní àlàáfíà, oúnjẹ gbígbóná ni wàá máa jẹ lórí ìjókòó. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fusae

Mo ti ń pa lẹ́tà yìí dé kí bàbá rẹ tó yọjú láti ìdí kẹ̀kẹ́, amọ̀ lọ́wọ́ méjèèjì. Ó ní kí n bá òun bi ọ́, ṣùgbọ́n kí n má sọ pé òun ló béèrè, bóyá ìlú mìíràn tún wà tí òfin wọn le tó ti Ọsirélíà.